Ta Ló Pa Ohùn Lawrence?

Igbe Dókítà Ọlárìndé ló kó àwọn ará Ugbonla jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nínú ọkọ̀ ìwòsàn tí wọ́n so mọ́ èbúté ló ti ń ké, àpótí kan wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Gògóńgò tuntun tí wọ́n fẹ́ fi sí ọrùn Lawrence apẹja ti kú sínú omi tútù.

Lawrence fúnra rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò lè pariwo. Ìbọn ló bà á lọ́fun nígbà tí ìlú rẹ̀ àti àwọn ará òdìkejì odò jà kẹ́yìn, ni àwọn dókítà bá gé ilé ohùn rẹ̀ kúrò kó má baà kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú bíńtín nínú ẹran ara rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dàgbà di gògóńgò mìíràn. Ìjà odò kò jẹ́ kó lè rìnrìn àjò lọ sí ìlú ńlá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ abẹ náà wá bá a.

Ìnspẹ́kítọ̀ Moríkẹ́ Olówòkéré dé tìbínú-tìbínú. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, kò fẹ́ràn omi rárá, omi sì ti ta sí gbogbo aṣọ rẹ̀. Àmọ́ ohun tó rí ní èbúté mú un gbàgbé aṣọ. Promise, àbúrò Lawrence, àti àwọn ọ̀dọ́ ìlú ń kó ìbọn sínú ọkọ̀.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Òdìkejì odò, Mà," Promise dáhùn. "Àwọn ará ibẹ̀ ló lérí pé ẹ̀gbọ́n mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí omi bá ti kún, a ti lọ nìyẹn."

"Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ dúró dè mí."

"Omi ò ní dúró dè yín, Mà."

Moríkẹ́ wọnú ọkọ̀ ìwòsàn.

"Dókítà, ta ló wọ yàrá yìí lẹ́yìn yín?"

"Jọọlá ìyàwó Lawrence nìkan. Òun ló sùn tì í."

"Kí lẹ sọ fún wọn nípa àpótí yìí?"

"Pé ẹran ara Lawrence ló wà níbẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án."

"Ṣé bó ṣe yẹ kó tutù nìyí?"

"Rárá o! Ó gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn ni. Òtútù ló pa á."

"Ṣé ẹ sọ ìyẹn fún wọn?"

"Kò wá sí mi lọ́kàn."

Moríkẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí. Ìpẹ́ ẹja kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èérún yìnyín sì ṣẹ́kù nínú omi náà. Àpò ìdọ̀họ kan àti okùn àwọ̀n wà nílẹ̀ níbẹ̀.

"Ta ló fi àpò bò ó?"

"Èmi kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo bá a, wọ́n ti dì í lókùn."

Moríkẹ́ yíjú sí Jọọlá, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọpẹ́, tó jókòó ti ọkọ rẹ̀, tí ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú. Ẹja ló ń tà.

"Ìyá Ọpẹ́, ta ló wọlé síbí?"

"N ò rí ẹnì kankan, Mà. Oorun gbé mi lọ."

Lóde, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àkọ́kọ́ dún.

"Ọ̀tá kọ́ ló ṣe èyí," Moríkẹ́ wí. "Ọ̀tá ì bá ju àpótí sómi, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó wá síbí da yìnyín sí i, ó dì í lókùn, ó tún fi àpò bò ó kí yìnyín má baà tètè yọ́. Kí nìdí tí èèyàn fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Ọpẹ́?"

Jọọlá bú sẹ́kún. "Kí ẹja má baà bàjẹ́ ni, Mà. Mo fọwọ́ kan àpótí, ó gbóná. Wọ́n sì ní ẹran ara ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Mo rò pé ó ti fẹ́ rà ni! Mo sáré lọ bu yìnyín nínú kúlà ẹja mi. Nígbà tí Dókítà figbe ta, n ò lè lanu mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Bàbá Ọpẹ́ pé èmi ni mo pa ohùn rẹ̀?"

Àánú rẹ̀ ṣe Moríkẹ́, inú sì tún ń bí i. "Òun ò ní ohùn, Ìyá Ọpẹ́. Ìwọ ní. Wọ́n ń lọ pààyàn lóde yẹn lórí ohun tí o mọ̀."

Jọọlá wo ọkọ rẹ̀. Lawrence tẹjú mọ́ ọn títí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń rò. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Jọọlá sáré bọ́ sí èbúté láìwọ bàtà. Àwọn ọkọ̀ ti ń yí imú sí odò.

"Promise! Kì í ṣe wọ́n! Èmi ni! Èmi ni mo da yìnyín sórí gògóńgò ẹ̀gbọ́n rẹ!"

Ariwo ẹ́ńjìnnì bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún ké, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, kí Promise tó pa ẹ́ńjìnnì. Ó yí ọkọ̀ padà wá, ó ń fi èdè Ìlàjẹ bú Jọọlá bọ̀, àwọn ọkọ̀ yòókù sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Lawrence ti tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó gba okùn ọkọ̀ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ òpó. Ni Promise bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Lọ́sàn-án, Dókítà tún mú bíńtín nínú ẹran ara Lawrence. Ó ní yóò gba oṣù mélòó kan kí òmíràn tó dàgbà, ó sì gbà pé òun náà ní ẹ̀bi.

"Dókítà," Jọọlá béèrè, ohùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde, "tí ẹ bá tún gbé e dé, báwo la ṣe máa tọ́jú rẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó móoru, Ìyá Ọpẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Jọọlá bọ́ ìborùn rẹ̀, ó sì fi bo ọkọ rẹ̀ léjìká.