Ta Ni Yóò Tẹ̀ka sí Ìwé Ìhágún Sukwari?

Ẹnu Sukwari ló kọ́kọ́ dá wàhálà náà sílẹ̀, òun náà kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Oko ìrẹsì kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un létí odò Hasdeo, ó sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti gbé abọ́ wá. Ẹ gbé adìyẹ wá, "Orúkọ rẹ ni n ó kọ sínú ìwé ìhágún." Ẹ gbé ẹja wá, bákan náà ni. Eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì fi ń jẹ ẹran ẹlẹ́ran, tó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àfi ìrọ̀lẹ́ tí Budhram, àbúrò ọkọ rẹ̀, gbé ẹja tirẹ̀ wá, tí ilẹ̀ mọ́ tí kò jí. Kò ṣàìsàn. Ejò kò bù ú jẹ. Ó kàn sùn, ó sì sùn lọ.

Kí wọ́n tó fi iná sun òkú Budhram tán gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ọ̀rọ̀ ti dé etí kànga. Wọ́n ní ẹni tí Sukwari bá ṣèlérí ilẹ̀ fún, òun ló fẹ́ pa jẹ. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ogún, ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni. Ẹfọ̀n tí ẹnì kan ń sìn ò fún wàrà mọ́, ọmọ ẹlòmíràn ń gbóná: Sukwari ni.

Ní àṣálẹ́, òwìwí bà sórí igi àjàgbọn ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ń ké. Sukwari bọ́ bàtà, ó sọ ọ́ lù ú.

"Ẹyẹ burúkú! Àwọn tó ń bú mi kò tíì tó ni?"

Òwìwí fò lọ, bàtà há sórí igi. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo abúlé rí i. Wọ́n ní ibẹ̀ ló bọ́ bàtà sí kó tó fò.

Jagesar, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá àgbà, ẹ kó ẹrù yín. Lọ́la ni Bhikham aríran ń bọ̀ láti òdìkejì odò."

"Ìwọ Jagesar, adìyẹ tí o gbé wá lọ́jọ́sí le bí awọ. Bí n ó bá tilẹ̀ jẹ èèyàn, ṣé irú ẹ ni n ó jẹ?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Òkúta ni wọ́n fi pa àjẹ́ abúlé kejì."

Nínú ilé, Phulbasan ń sunkún lórí ìkòkò ẹ̀wà. Ọmọ amọ̀kòkò ni, Sukwari ló gbà á tọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ bá lọ́yà nílùú. Ẹ kọ ìwé náà ní ìkọ̀kọ̀."

"Ìkọ̀kọ̀ kẹ̀? Bí mo bá kú láìkọ ọ́, Jagesar ló ni ilẹ̀. Bí mo bá wá kọ ọ́ tí kò mọ̀, ṣebí yóò ṣì pa mí? Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kò lè dá òkúta dúró."

"Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́, kí ẹ kà á fún wọn."

"Èmi tí mo ń di bírò mú bí ẹni di eku mú! Lọ pe akọ̀wé tó ń jókòó síwájú kóòtù. Ní kó wá bá mi níbi tí wọ́n ti fẹ́ pa mí."

Lọ́jọ́ kejì, Bhikham ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kọ́kọ́ rọ, ẹni tó ni ín ni àjẹ́. Abẹ́ ibòji ló ri àwọn yòókù sí. Ti Sukwari wà nínú oòrùn gangan. Kò pẹ́ tó fi rọ. Sonmati, opó Budhram, sáré wá, ó tutọ́ sí Sukwari lójú.

"Ìyáálé, ẹ dá ọkọ mi padà!"

Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta.

Sukwari fi etí sáárì tó ró mọ́ra nu itọ́ nù. Ó kọjú sí akọ̀wé tí Phulbasan mú dé láti ìlú, ó pariwo.

"Akọ̀wé, máa kọ! Phulbasan ló ni oko mi. Bí òkúta bá pa mí, òun ló ni ín. Bí ẹ bá lé mi lọ, òun náà ni. Bí nǹkan bá ṣe é, kí ó di ti ilé ìwé abúlé. Jagesar kò gbọdọ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ níbẹ̀."

"Ọmọ amọ̀kòkò?" Jagesar fò sókè. "Lórí ilẹ̀ àwọn bàbá wa?"

"Òun ló ń fọ ìdí mi nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru dá mi gúnlẹ̀. Níbo ni ìwọ wà?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn kan láìròtẹ́lẹ̀.

"Ó ku ẹlẹ́rìí méjì," ni akọ̀wé wí.

Àwọn èèyàn fà sẹ́yìn. Ta ni yóò tẹ̀ka sí ìwé àjẹ́?

"Bhikham," ni Sukwari wí, "ẹ̀yin ni ẹ kì í bẹ̀rù àjẹ́. Ẹ wá tẹ̀ka. Àbí apá oko tí Jagesar ṣèlérí fún yín lẹ ń rò? Ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo mọ irú ìlérí bẹ́ẹ̀ dáadáa, mo ti fi jẹ adìyẹ."

Aríran yíjú sí Jagesar. Jagesar gbé ojú sí ibòmíràn. Bhikham bá fọwọ́ kan ẹ̀ka tó rọ.

"Haà. Oòrùn ló pa eléyìí o. Igi ò tíì sọ̀rọ̀."

Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Òkúta ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn níkọ̀ọ̀kan. Jagesar tutọ́ sílẹ̀, ó sì bá ọ̀nà odò lọ.

Sonmati ló jáde ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Ó wo aríran tí òun ti ń wólẹ̀ fún láti àárọ̀, ó wo ẹ̀ka igi náà, ó sì tẹ̀ka láìbéèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tàdáwà ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyáálé," ó ní, kò pariwo mọ́, "kí ló wá pa ọkọ mi?"