Ọwọ́ Tí Ọlámipọ̀ Fi Sílẹ̀

Orí fóònù ni Bàbá Gbọ́lágadé ti kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń dúpẹ́ oore. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun lánàá o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ti tutù jù. Ṣé kò rẹ̀ ọ́?"

Ọlámipọ̀ rò pé bàbá náà ṣì í mú ni. Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lánàá. Kò tilẹ̀ mọ ilé rẹ̀. Inú ọ́fíìsì kan ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ló jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lọ́rùn, tí fóònù sì wà létí rẹ̀. Bàbá ní tirẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé rẹ̀ ní àdúgbò Satellite, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti dá ọgbẹ́ sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Ohùn nìkan ló da àwọn méjèèjì pọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ó rọra bi bàbá pé ta ló wá tọ́jú wọn lánàá. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Àbí o fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi ṣì pé ni? Ìwọ náà ni. O wá lánàá, o wá níjẹta. O kàn kì í sọ̀rọ̀ tí o bá dé ni."

Ọlámipọ̀ dúpẹ́, ó ní kí wọ́n má gbàgbé oògùn wọn, ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Àgbàlagbà tí ṣúgà ń yọ lẹ́nu lè sọ ohunkóhun, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe di èrò ọ́fíìsì. Nọ́ọ̀sì ni Ọlámipọ̀, kò sì tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Festac ló ti ń ṣiṣẹ́, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, àwọn aláìsàn ibẹ̀ sì mọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin tó ń ṣépè fún gbogbo nọ́ọ̀sì nítorí abẹ́rẹ́ yóò na apá fún un láìjanpata. Àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe iṣẹ́ àwàdà. Ẹ̀yìn ń ro ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ìyẹn gan-an kọ́ ló sì dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ọláoyè, tí òun fúnra rẹ̀ wo ọgbẹ́ rẹ̀ títí tó fi mọ́ tónítóní, tí wọ́n dá a padà sílé rẹ̀ ní Alákijà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e padà wá, ẹsẹ̀ ti jẹrà, wọ́n sì ní láti gé e.

Ọjọ́ náà ni Ọlámipọ̀ sunkún nínú ilé ìwẹ̀ wọ́ọ̀dù, tó sì pinnu pé òun máa wá iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kí òun tẹ̀ lé aláìsàn délé. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera kan ní irú rẹ̀. Kéèsì mánéjà ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀: nọ́ọ̀sì tó jókòó, tó ń pe aláìsàn kọ̀ọ̀kan, tó ń bá a ṣètò dókítà, oògùn àti ọjọ́ àyẹ̀wò. Wọ́n ní kó wá dán an wò ná, kó sì sọ bóyá yóò dúró tó bá di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì. Ó gba ìsinmi nílé ìwòsàn, ó sì lọ.

Ibi tó ti ṣe àṣìṣe rèé. Ní wọ́ọ̀dù yẹn, nọ́ọ̀sì tó ń lọ kò gbọdọ̀ kàn gbé báàgì rẹ̀. Òun àti ẹni tó ń wọlé yóò jọ lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Yóò gbọ́wọ́ lé irin bẹ́ẹ̀dì, yóò pe orúkọ aláìsàn, yóò sọ ohun tó ń ṣe é, ohun tí wọ́n ti ṣe fún un àti ohun tó kù. Ẹni tó ń wọlé yóò dáhùn pé, "Mo ti gbà á." Mátíròn Adébùnmí tó jẹ́ olórí wọn kì í fi èyí ṣeré rárá. Ó máa ń sọ fún wọn pé aláìsàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà lọ́wọ́ yín, ọwọ́ yín ló ṣì wà, bí ẹ tilẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn kó tó lọ ìsinmi, Ọlámipọ̀ kò lè ṣe é. Ó mọ̀ pé àwọn aláìsàn á bi òun pé ọjọ́ wo lòun ń padà bọ̀, òun kò sì mọ̀. Bàbá Gbọ́lágadé wà nínú wọn, wọn kò tíì dá a sílẹ̀ nígbà náà. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde láìwojú ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má bá a wí jù. Ojú ló tì í.

Ní ọjọ́ kejì tí bàbá sọ̀rọ̀ ọwọ́ tútù yẹn, Ọlámipọ̀ ń po tíì ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Bọ̀dá Hafeez, figbe ta lójijì. Omi gbígbóná ń dà sí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ láti inú kẹ́tùlù. Kò mọ̀. Ó wo ìka náà bó ṣe ń pọ́n, tó sì ń léròrò, bí ẹni pé ìka ẹlòmíràn ló ń wò. Ó fọwọ́ pa tábìlì, ó fọwọ́ pa aṣọ ara rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́. Ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ láti wá ìṣàn ẹ̀jẹ̀, kò rí i. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Bọ̀dá Hafeez bá a wá òróró ìpara. Inú rẹ̀ ń dùn ní tirẹ̀, nítorí ìròyìn rere ń wọlé. Gbogbo àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ náà tó ti wọ́ọ̀dù Ọlámipọ̀ lọ sílé ló ń gbádùn, pàápàá Bàbá Gbọ́lágadé, tí ọgbẹ́ rẹ̀ ń gbẹ ju bí dókítà ṣe rò lọ. "Ohùn ẹ ń wo èèyàn sàn, Sístà," ló wí. "Jọ̀ọ́, má fi wá sílẹ̀ o."

Ọlámipọ̀ bọ́ sí ìta, ó sì pe Mátíròn Adébùnmí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Mátíròn kò rẹ́rìn-ín, kò sì pè é ní aṣiwèrè. Ìbéèrè kan ló bi í.

"Ta lo fi wọ́n lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí o lọ?"

"Mi ò fi wọ́n lé ẹnì kankan lọ́wọ́, Mà."

"Á jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ṣì ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́."

Ó wá ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní òun mọ ẹnì kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí, àwọn jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Ìyẹn fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí ó dùn mọ́ ọn pé iṣẹ́ ń lọ nígbà tí òun ń sinmi. Ọmọ rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu báyìí. Ó ní kí Ọlámipọ̀ lọ bá ohun yòówù kó wà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá náà, kó sì gbà á padà bí wọ́n ṣe ń gbà á ní wọ́ọ̀dù.

Ọlámipọ̀ rò ó bó ṣe ń wọ mọ́tò lọ sílé. Tí kò bá ṣe nǹkan kan, bàbá yóò rìn. Òun yóò ní àga àti ibi tútù, ẹ̀yìn kò sì ní ro òun mọ́. Ọwọ́ méjì péré ni yóò fi san án. Ó wo ọwọ́ náà lórí itan rẹ̀, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Òun ló kọ́ ọwọ́ yìí bí a ṣe ń tú bándéèjì tó ti lẹ̀ mọ́ ẹran láìjẹ́ kó dunni. Kò ní fún ẹnikẹ́ni. Wọ́ọ̀dù lòun ń padà sí, kò sì sí ẹni tó máa yí òun lọ́kàn padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, dípò kó lọ sí ọ́fíìsì, ó mú àdírẹ́sì tó wà nínú fáìlì bàbá, ó sì gba Satellite lọ. Àwọn táńkà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òórùn epo sì gba gbogbo àdúgbò. Roqeebah, ọmọbìnrin Bàbá Gbọ́lágadé, ló ṣílẹ̀kùn géètì. Ó wo Ọlámipọ̀, ó bojú wẹ̀yìn wo inú ilé, ó tún wò ó.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀, "ẹ mà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí ni."

Ọlámipọ̀ kọjá lára rẹ̀, ó wọ yàrá.

Obìnrin aláṣọ funfun kan kúnlẹ̀ ní ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó kẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà. Ọrùn Ọlámipọ̀ ni ọrùn rẹ̀. Ó ri ọwọ́ bọ omi inú bésínì, omi náà kò sì mì. Bàbá ti pajú dé, ara rẹ̀ balẹ̀. Obìnrin náà yí bándéèjì sí ẹsẹ̀ bàbá tán, ó sì tẹ etí bándéèjì náà bọ abẹ́ ara rẹ̀ láìlo píìnì, bí Ọlámipọ̀ nìkan ṣe máa ń ṣe é ní gbogbo Festac. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ti léròrò.

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ojú tí Ọlámipọ̀ ń rí nínú dígí láràárọ̀ ni. Ẹnu nìkan ló yàtọ̀. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa mọ́ra bí ẹnu tí wọn kò fi ohùn sí nínú.

Ọlámipọ̀ gbọ́wọ́ lé igi bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Gbọ́lágadé," ló wí. "Ọgbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dì í. Ó ku kí wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò nírọ̀lẹ́. Mo ti gbà á."

Obìnrin náà dìde. Ó fi bándéèjì tó kù sí àtẹ́lẹwọ́ Ọlámipọ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Roqeebah tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò rí ẹni tó jáde. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni ìka Ọlámipọ̀ tó jó lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó ń ta á burúkú, Ọlámipọ̀ sì ń sunkún ayọ̀. Ó fi ìka lé ẹsẹ̀ bàbá, ó gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lábẹ́ awọ.

Kò fẹ́ fi nǹkan falẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ gan-an ló ti yọ fóònù láti sọ fún Bọ̀dá Hafeez pé òun kò ní í dúró, nítorí tó bá lọ fúnra rẹ̀, wọ́n á bẹ̀ ẹ́. Ó pe nọ́ńbà tábìlì tòun fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ti lè gbé e.

Wọ́n gbé e kíákíá.

"Ẹ káàsán o. Nọ́ọ̀sì Ọlámipọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ohùn òun ni. Ó gbọ́ bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń kùn lẹ́yìn ohùn náà. Ó la ẹnu láti dáhùn, èémí nìkan ló jáde. Ó tún gbìyànjú. Roqeebah ń wò ó, bàbá sì ti lajú, ó ń bi í pé kí ló dé, kò sì lè sọ fún un. Ó wá rántí gbogbo àwọn tí òun ń pè láti orí àga yẹn, tí òun kò fi ẹyọ kan nínú wọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹnu sì ni wọ́n fi ń gba aláìsàn padà.

Ó gbé báàgì rẹ̀. Wọn kò tíì ní í ti ọ́fíìsì báyìí. Kò mọ bí òun ṣe máa sọ pé, "Mo ti gbà á," tó bá débẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Fóònù ṣì wà létí rẹ̀ bó ṣe ń sọdá àgbàlá, ohùn náà sì ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ má jáyà. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ sọ ibi tó ń dùn yín fún mi."