Àgádágodo Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

"Agbowó-orí ti yọ lókèèrè o," ni aṣebàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn sọ.

Màmá dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Abẹ́rẹ́, tilẹ̀kùn."

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Yóò ti ìyá rẹ̀ mọ́nú ṣọ́ọ̀bù, yóò fi àgádágodo sí i láti ìta, yóò sì ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ta ni yóò bá àgádágodo sọ̀rọ̀ owó orí?

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, agbowó-orí náà kò kọjá lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ bàtà. "Aránṣọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti jáde, sà."

"Ó dáa. Èmi náà ò kánjú."

Abẹ́rẹ́ di kọ́kọ́rọ́ mú nínú àpò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn. Fèrèsé kan ṣoṣo tí ṣọ́ọ̀bù ní wà ní títì, eruku aṣọ sì kún inú rẹ̀. Ikọ́ fée ń ṣe Màmá. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu ti tán. Ilé ìwòsàn ìjọba ní kò sí, ti kẹ́mísì ò sì ṣeé sún mọ́.

Ikọ́ kan dún nínú ilé, bí ikọ́ ẹni tó ki aṣọ bọ ẹnu. Aṣebàtà gbọ́ ọ, ló bá ń fi òòlù lu bàtà gbàgbà kí àlejò má baà gbọ́. Ikọ́ mìíràn dún. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi òòlù," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Aṣebàtà dúró. Inú ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Bí Abẹ́rẹ́ bá ṣílẹ̀kùn, àṣírí tú, wọ́n sì lè ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bí kò bá ṣí i ńkọ́?

Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Kọ́kọ́rọ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agbowó-orí ló he é, òun ló ṣílẹ̀kùn.

Màmá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ètè rẹ̀ ti pàwọ̀ dà. Ọkùnrin náà gbé e pọ̀n láìwọ bàtà, ó di ilé ìwòsàn.

"Oògùn fínfín sẹ́nu ti tán, ẹyọ kan tí à ń lò nínú ìbomú ló kù," ni nọ́ọ̀sì wí, bó ṣe ń fi ìbomú bo Màmá nímú. "Ẹni tó bá dé lẹ́yìn yín, abẹ̀bẹ̀ la máa fi fẹ́ ẹ."

"Kí ló dé tí kò fi sí, mà?" ni Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Bi ọ̀gá tó jókòó tì ọ́. Owó tí wọ́n bá rí gbà ni wọ́n fi ń rà á."

Abẹ́rẹ́ wolẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, Màmá kọjú sí agbowó-orí. "Mo máa san tèmi. Ṣùgbọ́n olówó tó ni ilé ìtajà gogoro tó kọjú sí wa, ṣé ẹ ń jókòó de òun náà báyìí?"

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wọ bàtà. "Lọ́yà rẹ̀ ni mò ń bá lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá."

"Àgádágodo tirẹ̀ nìyẹn, sà," ni Abẹ́rẹ́ wí. Màmá kò bá a wí.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, wọ́n pàdé bàbá kan tó gbé ọmọ kékeré wọlé. Ọmọ náà ń mí fín-ín-fín-ín. Abẹ́rẹ́ bojú wẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì ti na ọwọ́ mú abẹ̀bẹ̀.

Owó orí tí a bá sá fún ni oògùn tí a kò ní bá nílé ìwòsàn. Kí kékeré san, kí ńlá san. Bí ńlá bá ń sá, kí gbogbo wa máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba títí tí yóò fi san.