Ìwé Ọbẹ̀ Tí Araba Yá

Ẹ má rò pé wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi ni. Ó ṣojú mi. Mo ṣì ń gbé inú ilé tí ó ti ṣẹlẹ̀, n kò sì ní ìdí kankan láti purọ́ mọ́ ẹni tí mo fẹ́ràn.

Araba Tekyiwa ni ìyálé mi. Òun ni ìyàwó Kojo Abakah, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Cape Coast, òkun wà lẹ́yìn ilé wa. Araba kò ta oúnjẹ rí. Ọkọ rẹ̀ ló ń sè é fún. Kojo kì í jẹun níta láé. Araba kò bímọ, àwọn ará ilé ọkọ kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ọbẹ̀ yẹn ni gbogbo ohun tó ní.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìkàwé sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá ìwé oúnjẹ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kọ́ nǹkan kan. Ó ń yá wọn láti bú wọn ni.

"Ìyàwó, gbọ́ ìkà. Wọ́n ní ká da ṣúgà sínú ọbẹ̀ ilá! Ṣé ìkókó ni yóò jẹ ẹ́ ni?"

"Èkejì ńkọ́, ìyálé mi?"

"Àwòrán rẹ̀ dára. Kí wọ́n máa jẹ àwòrán."

Ẹ̀kẹta ni mo ń bá bọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Oúnjẹ àwa Fante ló kún inú rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Ó ń ka ti ọbẹ̀ ẹja tútù fún mi, ó sì bú sí ẹ̀rín ẹlẹ́yà.

"Wọ́n ní ká máa fi ṣíbí rò ó! Òpùrọ́! A kì í fi ṣíbí kan ẹja tútù. Ìkòkò là ń dì mú, tí à ń mì."

Mo na ọrùn, mo fojú ara mi ka ibẹ̀. Ṣíbí ni wọ́n kọ.

Bí ó ṣe dákẹ́, gbogbo nǹkan dákẹ́. N kò gbọ́ òkun mọ́. Òkun tí kì í sinmi. Ó ṣe díẹ̀, ariwo rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣí ìwé náà. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni pé: ẹ má fi ṣíbí kàn án, ẹ di ìkòkò mú, kí ẹ mì ín.

"Bóyá ojú ìwé mìíràn ni," ni mo wí.

"Ojú ìwé kan náà ni."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i nídìí iná. Ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rò ó, ó ń rò ó. Ẹja ti di ẹ̀kọ.

"Ìyálé mi, kí ló dé tí ẹ fi ń rò ó?"

Ó wojú mi. "Báwo ni kí n ṣe é?"

Kò ṣàwàdà.

Kojo wo abọ́ rẹ̀ títí. "Ta ló se èyí?"

"Èmi ni."

"Araba, mo ní ta ló sè é?"

Mo bẹ Araba kó dá ìwé náà padà. Kò gbọ́. Àṣìṣe mìíràn ti yọjú nínú rẹ̀, lórí dokono, àgbàdo kíkan tí à ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé. Ojú ìwé tí a ti kà tẹ́lẹ̀ tí kò sí àṣìṣe níbẹ̀ ni. Ó dà bí ẹni pé ìwé náà mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í sọ.

"Wọ́n ní ká se gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́."

"Kí n máa wò ó kó máa purọ́? Ìyá mi ló kọ́ mi! Ìdajì là ń sè, ká tó pò ó mọ́ ìdajì tútù…"

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Òkun ti dákẹ́. Ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

N kò fẹ́ wo ìwé náà. Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Araba jáde ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ ti gbó, ó ti ṣá, bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa.

Ní òwúrọ̀, Araba jókòó ti ọpọ́n àgbàdo. Ọwọ́ rẹ̀ rì sínú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

"Ìyàwó, kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"

Èmi ni mo dá ìwé náà padà. Mo bẹ obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé pé kó sun ún. Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tí àwọn èèyàn ń béèrè jù!"

Kò pẹ́, òórùn ọbẹ̀ Araba ń bọ̀ láti ilé Ewurasi, ọmọge tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Òun ló yá ìwé náà lẹ́yìn wa. Kojo ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn. Ó padà dé, ó ń gùnfẹ̀. Ekua, àbúrò rẹ̀ obìnrin, dúró sí àgbàlá, ó ń sọ̀rọ̀ kó lè ta sí wa létí: "Kò bímọ, kò tún mọ ọbẹ̀ sè mọ́. Kí ló wá kù tó ń ṣe níbí?"

Lọ́jọ́ kan, Ewurasi bu ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Araba ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò. Mo rò pé yóò bú sẹ́kún. Ẹ̀rín ló rín, ẹ̀rín ọmọdé.

"Ẹni tó se èyí mọ ọbẹ̀ sè o! Ìyàwó, bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣé ó lè kọ́ mi?"

Ó tún bi mí lọ́jọ́ kejì. Títí di òní ló ń bi mí.