Bàbá Ó-Ń-Bọ̀

Orí orin ni Moríyọ̀ àti Adélaní ti kọ́kọ́ jà, nínú takisí tó ń ti Alágbàká lọ sí Ìsìkàn. Rédíò ń kọ orin kan tí gbogbo ìgboro Àkúrẹ́ ń jó sí nígbà náà, ni Moríyọ̀ bá pòṣé.

"Ariwo lásán," ló wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ọkùnrin tó fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíjú sí i. "Àǹtí, ẹ fetí sí gìtá ìsàlẹ̀ yẹn ná."

Moríyọ̀ fetí sí i. Gìtá náà dùn lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò tètè gbà fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Wọ́n jiyàn débi pé Adélaní kọjá ibi tó ń lọ, kí àríyànjiyàn náà má baà parí.

Bí Moríyọ̀ ṣe rí nìyẹn. Akọ̀wé ìjọba ni lọ́sàn-án. Bó bá délé, a gbé fóònù, a máa kọ èrò ọkàn rẹ̀ sórí Fesibúùkù: orin o, ìwé o, òṣèlú o, kò sí èyí tí kì í dá sí. Àwọn èèyàn a kà á, wọ́n a rẹ́rìn-ín.

Àríyànjiyàn náà ló di ìfẹ́. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni Adélaní máa ń kọ́kọ́ kà, Moríyọ̀ sì ní olè jíjà nìyẹn. Ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni géèmù bọ́ọ̀lù tí Adélaní ń gbá, àfìgbà tó mú un gbá lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ náà, òun ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ pé, "Olólùfẹ́ mi, ẹyọ kan sí i."

Òṣèlú nìkan ni Adélaní kì í bá a fà. Bó bá ti dá a sílẹ̀, a ní òun fẹ́ mu omi. Moríyọ̀ rò pé kò kàn án ni.

Nígbà tó yá, wọ́n gbéra lọ sí Oǹdó kí Moríyọ̀ lè fojú han ẹ̀gbọ́n ìyá Adélaní lọ́kùnrin, ẹni tó ń pè ní Bàbá. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì tọ́ Adélaní dàgbà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Adélaní ò fi pamọ́ fún un: bí Bàbá bá kọ̀, òun ò ní lè gbé e níyàwó.

Moríyọ̀ kúnlẹ̀ ní pálọ̀, ó gbójú sókè. Pósítà ìbò wà lára ògiri, àwòrán Bàbá ló wà níbẹ̀, orúkọ tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ ni Akínbọ̀wálé. Ọkùnrin tó du ipò kánsẹ́lọ̀ lọ́dún tó kọjá nìyí, tó ṣe orin ìpolongo tó ń wí pé omi ń bọ̀, iná ń bọ̀, títì ń bọ̀. Moríyọ̀ ló kọ ọ́ sórí Fesibúùkù pé, "Bàbá Ó-Ń-Bọ̀, ìgbà wo lẹ máa dé?" Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Oǹdó ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá ò sì wọlé nínú ìbò náà.

Ó wo Adélaní. Adélaní ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ì bá dákẹ́. Ẹ̀rù Ọlọ́run ò jẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo sọ yín lórúkọ yẹn. N ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni bàbá Adélaní."

Màmá Fọláṣadé, ìyàwó Bàbá, rọra gbé àwo tó mú wọlé kalẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Àwòrán rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn mí o, má tan ara rẹ. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, n ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ orin náà ò dáa. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì mọ̀. Gbogbo àwọn tó ń jẹun nílé yìí nígbà náà, wọ́n ní ó dùn bí oyin."

Màmá rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó tó bá sì wọ ilé yìí," ni Bàbá ń bọ́rọ̀ lọ, "kì í pe ará ilé ní orúkọ àbísọ. Á sọ wá lórúkọ tirẹ̀ ni. Gbogbo ìyàwó la máa ń dúró dè kí wọ́n wọlé tán. Ìwọ lo kánjú. Dìde, jókòó, jẹun. Kí àwọn òbí rẹ mú ọjọ́ wá."

Moríyọ̀ fẹ́ dúpẹ́, ẹkún ló sun. Ara rẹ̀ fúyẹ́ gẹ́lẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn padà sí Àkúrẹ́, ó gbá Adélaní lápá.

"O mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Pé màá sá lọ?"

"Rárá, Moríyọ̀ mi. Pé wàá dákẹ́."