Tíṣù Lórí Tábìlì Bàbá Retnam

"Ṣé o mọ ohun tí àwa ará ìlú yìí ń jẹ? Ìlà là ń jẹ. A kì í jẹ oúnjẹ rárá."

Junhao ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa tíì oníyìnyín tí mo pò fún un títí tí ìsàlẹ̀ ife fi ń dún. Òun àti Huilin jókòó síwájú ìsọ̀ mi bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí ilé ìwé bá jáde. Tíì àti kọfí ni mo ń tà ní àjà kẹrin ilé ìtajà ńlá Kim Tee, ní Singapore, níbi tí gbogbo ìsọ̀ oúnjẹ wà. Lápá ọ̀tún mi ni Màmá Goh ti ń dín núdù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Huilin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Lápá òsì mi ni Bock Seng wà, tí òun náà ń ta núdù. Èmi àti Bock Seng kì í kí ara wa. Ó sọ fún oníbàárà mi kan nígbà kan pé omi ìfọbọ́ ni mo fi ń po tíì. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n etí mi kò tíì gbàgbé.

"Junhao, sọ ọ̀rọ̀ gidi," Huilin dá a lóhùn. "Ọ̀la ni Ìyáàfin Lau ń bọ̀."

Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìyáàfin Lau ni ọ̀gá tó ń bójú tó àjà oúnjẹ. Ó ti sọ pé ìsọ̀ núdù méjì ti pọ̀ jù, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó kúrò kí àwọn tó ń ta áísíkiriìmù lè ráyè. Ó ní òun yóò wá lọ́sàn-án Sátidé láti fi ojú ara òun rí ìsọ̀ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn. Màmá Goh ti ń dín núdù níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Huilin. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ni owó ìwé Huilin ti ń wá. Ṣùgbọ́n Bock Seng ti gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ sókè ìsọ̀ tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rọ́ lọ síbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ gidi ni mò ń sọ," Junhao tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó bá rí ìlà gígùn, ṣé ó máa ń béèrè ohun tí wọ́n ń tà? Á kàn tò ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi tò títí ẹsẹ̀ fi wú. Ìgbà tó dé iwájú ló rí i pé oúnjẹ ajá ni wọ́n ń tà. A ò sì ní ajá!"

"Ṣé ó rà á?"

"Ó rà á! Ó ṣáà ti tò, kí lo fẹ́ kó ṣe?"

Huilin rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Junhao wá sún mọ́ ọn. Ó ní gbogbo kíláàsì wọn yóò wá tò. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọn yóò tún padà tò sẹ́yìn. Wọn yóò sì fi àpò tíṣù kékeré sórí gbogbo tábìlì tó wà níwájú Màmá Goh, kí ó lè dà bí ẹni pé èrò ti kún ibẹ̀. Tí o bá ti rí tíṣù lórí tábìlì níbí, ẹnì kan ti gba ibẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọmọlúàbí tó máa jókòó síbẹ̀, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ ẹ́ tó.

"Ìyá àgbà ò ní gbà láé," Huilin ní.

"Ta ló ní kó o sọ fún un? Iná ni wọ́n ń kọjú sí. Ìwọ lò ń gba owó. Fún wa ní ọ̀fẹ́, kó o wá máa wòran."

Mo ní, "Junhao, ká ní ìṣirò lo ń fi ọpọlọ yìí ṣe ni, wọn ì bá ti fi ọ́ jẹ gíwá."

"Bàbá Teck, ẹ bá mi po òmíràn, ẹ jọ̀ọ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn ò tíì kan àtàrí tí ìlà fi gùn kọjá ìsọ̀ mi. Àwọn ọmọ náà ti bọ́ aṣọ ilé ìwé, wọ́n wọ onírúurú aṣọ, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ wọ bàtà ìyá rẹ̀. Tíṣù funfun wà lórí gbogbo tábìlì. Màmá Goh ò wẹ̀yìn. Abọ́ kan ni ó máa ń dín lẹ́ẹ̀kan, kì í dà wọ́n pọ̀. Edé á wọlé, núdù á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹyin, agbada á máa ké, òun á sì máa fi ìgbákọ onírin nà án bí ẹni tó ń bá a jà. Huilin ń gbé abọ́ jáde, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí ọ̀sán pọ́n, Màmá Goh béèrè láìyíjú padà: "Ṣé Retnam ò tíì dé ni?"

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Bàbá Retnam kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ojoojúmọ́ ló máa ń wá. Á fi ọ̀pá rẹ̀ kan pákó ìsọ̀, kò-kò, Màmá Goh á sì fọ́ ẹyin méjì sínú agbada láìwo ẹni tó kàn án. Ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́ kò-kò.

Huilin gbójú sókè. Ó rí i. Bàbá Retnam dúró láàárín àwọn tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wo tábìlì tirẹ̀, ó rí tíṣù. Ó wo èyí tó tẹ̀ lé e, tíṣù. Ó wo ìlà àwọn ọmọdé, ó mirí, ó sì rọra wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Bock Seng. Àwọn àgbàlagbà mìíràn tó jẹ́ oníbàárà Màmá Goh náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni ọgbọ́n Junhao ń lé wọn lọ!

Huilin fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ni Ìyáàfin Lau bá dé pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

"Háà! Èyí ga o!" ni ó wí. "Màmá, n ò mọ̀ pé ẹ ní èrò tó báyìí. N ò tilẹ̀ ní pẹ́ níbí. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Junhao ṣẹ́jú sí Huilin láti inú ìlà. Ohun tí Huilin ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Kí ó ṣáà pa ẹnu mọ́ ni.

Ọmọ náà gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó jáde síwájú ìsọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyáàfin Lau, ẹ má tíì lọ. Ọmọ kíláàsì mi ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Èmi ni mo pè wọ́n. Wọn ò sanwó. Ìyá àgbà mi ò mọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kúrò lórí ìlà."

"Huilin! Ṣé orí rẹ pé ṣá?" Junhao ké.

"Ẹ kúrò!"

Wọ́n kúrò. Ìlà tó gùn bí ojú irin kò ṣẹ́ ku ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Mo gbọ́ tí Bock Seng bú sẹ́rìn-ín. N ò ní gbàgbé ìyẹn náà.

Nígbà náà ni Màmá Goh pa iná. N ò tíì gbọ́ kí agbada yẹn dákẹ́ lọ́sàn-án rí. Ó yíjú padà, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wo àwọn tíṣù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Níbo ni Retnam wà?"

Huilin sáré. Bí ó ti ń sáré ló ń ṣa tíṣù kúrò lórí tábìlì, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kún. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà ní ọ̀dọ̀ Bock Seng.

"Bàbá, ẹ dákun. Èmi ni mo gba àyè yín. Ẹ padà wá."

"Mo rò pé ìyá àgbà rẹ ti dolówó ni, tí kò nílò mi mọ́." Ó fi ìka tọ́ka sí abọ́ iwájú rẹ̀. "Wo nǹkan yìí. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé núdù ni òun. Fà mí dìde."

Ó dé, ó fi ọ̀pá kan pákó. Kò-kò. Màmá Goh tanná, ó fọ́ ẹyin méjì. Àwọn àgbàlagbà tó ti tẹ̀ lé Bàbá Retnam lọ tún tẹ̀ lé e bọ̀, wọ́n bá tábìlì lófo, wọ́n jókòó.

Ìyáàfin Lau ṣì dúró. "Kí ni kí n wá kọ báyìí?"

"Ẹ má tíì kọ nǹkan kan," Màmá Goh dá a lóhùn. "Ẹ tò sẹ́yìn Retnam. Ẹ ò tíì jẹun."

Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tò.

Nígbà tó yá, mo rí ẹnì kan tó dúró sẹ́yìn rẹ̀. Junhao ni.

"Kí lo tún fẹ́?" Huilin bi í.

"Oúnjẹ."

"Ọ̀fẹ́ ti tán."

"Mo mọ̀. Gba owó." Ó na owó sí i. "Méjì tí mo ti jẹ, mo fi ṣe irọ́ ni. Ebi èyí ló ń pa mí lóòótọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó pé, oúnjẹ tó dùn báyìí, kí la tilẹ̀ ń purọ́ fún?"

Ọmọbìnrin tó wọ bàtà ìyá rẹ̀ wá tò sẹ́yìn rẹ̀, ó di owó mọ́wọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n ń pe òbí wọn lórí fóònù. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìsọ̀ aṣọ nísàlẹ̀ gbọ́ òórùn agbada, wọ́n yà. Ìlà kọjá ìsọ̀ mi, ó kọjá tẹlifíṣọ̀n Bock Seng, ó kan àtẹ̀gùn tó ń gbé èrò gòkè. Apá Màmá Goh ò ká a mọ́. Ó gbé agbada kejì lé iná, ó ti ìgbákọ onírin sí Huilin lọ́wọ́, ohun tí kò gbà fún un rí láyé.

"Abọ́ kan lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Má kánjú."

Ìyáàfin Lau jẹun, ó lá ṣíbí. Ó dìde láàárín gbogbo wa. "Màmá, ìsọ̀ yìí ò lọ síbì kankan." Ariwo sọ! Èmi fúnra mi mú ideri ìkòkò tíì, mo ń lù ú bí ọmọdé. Huilin ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì dáwọ́ dúró nídìí agbada.

Wọ́n fún Bock Seng láyè nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta bàtà. Ọjọ́ tó ń kó ẹrù, ó kí mi. N ò dáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ Màmá Goh dára tẹ́lẹ̀, kò nílò irọ́ kankan. Irọ́ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ, òtítọ́ tí Huilin sọ níbi tó ti lè pàdánù gbogbo nǹkan ló sì dá wọn padà. Bí ohun tí ẹ ní bá dára, ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí i bó ṣe rí.

Títí di òní, kí ọ̀sán tó pọ́n, Huilin á jáde wá, á fi àpò tíṣù kan ṣoṣo sórí tábìlì kan. Kò sí ẹni tó máa ń bi í léèrè ẹni tó ni ín. Bó bá yá, a ó gbọ́ kò-kò.