Ojú Ìyá Mi Kọ́ Ni Èèpo Ìwé

Ojú ìyá rẹ̀, tí wọ́n sin lọ́dún tó kọjá, ni Moyọ̀sọ́rẹ rí tó ń wò ó lórí tábìlì ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìlobù. Gèlè aró, ẹ̀rín tí kì í kọjá ẹ̀gbẹ́ ẹnu, gbogbo rẹ̀ pé lára èèpo ìwé. Lábẹ́ àgbọ̀n ìyá ni wọ́n fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ ọ́ sí pé: ÌYÁ TÓ TA ỌMỌ RẸ̀.

Lẹ́yìn tábìlì, ọkùnrin gíga kan, adúmáadán, ń rẹ́rìn-ín. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, Moyọ̀sọ́rẹ á wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Ìwé mi tuntun nìyẹn. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo ṣe èèpo rẹ̀."

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Orí fóònù mi báyìí, mà."

Moyọ̀sọ́rẹ na ọwọ́ kan ṣoṣo, ó gbá gbogbo ìwé náà dà sí gọ́tà.

"Háà! Ṣé orí yín pé báyìí?"

"Tìrẹ ni kò pé! Ìyá tó bí mi lo gbé síbẹ̀ yẹn! Ta ló tà nínú wa? Èmi àbí àbúrò mi?"

Ẹ̀rín kú lójú ọkùnrin náà. "Orí ayélujára ni mo ti rí i. Mo ń wá fọ́tò ìyá àgbà, òun ló yọ. Mo rò pé kò lẹ́ni tó ni ín."

"Ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ lójú títì, ṣé kò lólúwa ni? Ìsìn ìrántí la gbé e síbẹ̀ fún, kí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun lè rí i. Olè àwòrán!"

Àwọn èèyàn ti pé jọ. Ọkùnrin náà, Soliu ọmọ Ìfọ́n, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

"Dìde, má fi aṣọ gbálẹ̀ fún mi. Ibo lo tún gbé e lọ?"

"Ẹ̀rìn. Ìfọ́n."

"A jọ ń lọ ni. Mi ò gbà ẹ́ gbọ́."

Wọ́n lọ lóòótọ́. Moyọ̀sọ́rẹ ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya èèpo kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó sínú báàgì, torí ojú ìyá kì í ṣe ohun tí à ń dà sí ààtàn. Ní Ẹ̀rìn, oòrùn mú. Soliu ra ọ̀sàn fún un. Ó ń mu ún, ó ń bú u.

"Moyọ̀, mu ọ̀sàn tán ná kí o tó bú mi."

"Ta ló ní kí o máa pè mí ní Moyọ̀?"

"Kí wá ni kí n máa pè ọ́? Ata rodo?"

"Ata ni mí. Fọwọ́ kàn mí, kí o wá fi nu ojú ẹ, o ó rí i."

Ó rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin náà sì bínú pé ẹ̀rín fẹ́ pa òun náà. Ohun tó tún bí i nínú jù ni pé ọkùnrin yìí kò purọ́. Níbi gbogbo tí wọ́n dé, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́: "Mo jí fọ́tò yìí ni." Kò di ẹ̀bi ru fóònù tàbí ayélujára rí. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn, kò kan ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Soliu wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ọládiípọ̀, bàbá Moyọ̀sọ́rẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá fò dìde. "Ìwọ tó sọ ìyàwó mi di ìyá tó ta ọmọ! Nínú gbogbo ọmọ Ìfọ́n, ìwọ ló kù láti fẹ́ ọmọ mi? Jáde!"

Ẹlòmíràn á ní fọ́tò lásán ni. Kó gbé ti ìyá tiẹ̀ síbẹ̀ ná!

Nígbà tí Soliu délé rò ó fún Mùíbátù, ìyá rẹ̀, ohun tí ìyá náà sọ gan-an nìyẹn. "Ìwé ẹ ò ní èèpo mọ́. Ya fọ́tò èmi sí i."

"Ìyá, wọ́n á bú yín."

"Kí wọ́n bú mi. Ojú mi ni, mo sì gbà. Ojú obìnrin yẹn, ta lo bi?"

Soliu ń yà á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìwé jáde. Ọjà Ìfọ́n ò jẹ́ kí ìyá gbádùn.

"Ìyá Soliu, èló lẹ ta ọmọ?"

"Mi ò tíì tà á. Ọmọ Ìlobù kan ń ná an, bàbá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Tó bá délé, á sunkún.

Moyọ̀sọ́rẹ gbé ìwé náà síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ìyá Soliu nìyẹn. Òun ni wọ́n ń bú báyìí."

Bàbá gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. "Ní kí wọ́n máa bọ̀."

Nígbà tí wọ́n dé, Mùíbátù kúnlẹ̀. "Ẹ dìde, ìyá," ni bàbá wí. "Ìyàwó mi ò lẹ́nu tó lè fi gbà tàbí kó fi kọ̀. Ẹ̀yin mọ ohun tó máa dà, ẹ sì gbà á, kí ọmọ yín lè mọ bó ṣe ń dunni. Ìbínú mi tán. Mo fún un lọ́mọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ dìde fùú.

"Ẹ dúró ná! Ẹ ti bi ara yín tán. Ta ló bi èmi?"

Soliu rìn dé iwájú rẹ̀.

"Moyọ̀sọ́rẹ, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀."

"Ó sì máa pẹ́ kó tó tán."

"Ọ̀dọ̀ mi ni kó ti máa bí ọ."

"Ó dáa. Mo gbà."